Ọba Tuntun àti Ọ̀rẹ́ Òkèèrè: Oyè, Epo àti Àjọṣe Èkó pẹ̀lú Ilẹ̀ Òyìnbó, 1841 sí 1861

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Nígbàkúùgbà tí ọba bá wàjà ní ilẹ̀ tí ó lọ́rọ̀, ohun tí àwọn ará òkèèrè kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, ta ni ọba tuntun yóò bá rìn? Ìbéèrè yìí ni ó gba ẹnu àwọn olóṣèlú àgbáyé ní oṣù Kìíní ọdún 2015, nígbà tí Ọba Abdullah ti ilẹ̀ Sáúdì Arébíà kú, tí Salman àbúrò rẹ̀ sì gorí ìtẹ́. Láti ìgbà tí Ọba Abdulaziz ti pàdé Ààrẹ Roosevelt nínú ọkọ̀ ogun ojú omi ní oṣù Kejì ọdún 1945 ni Sáúdì ti ń bá Amẹ́ríkà rìn. Lẹ́yìn oṣù méjì péré tí Salman jẹ ọba, ọkọ̀ òfurufú Sáúdì ti ń ju bọ́ǹbù sí Yẹ́mẹ̀n. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Kẹta ọdún 2023, ìlú Beijing ní ilẹ̀ Ṣáínà ni Sáúdì àti Ìránì, ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́, ti gbà láti tún máa bá ara wọn ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti aṣálẹ̀ àwọn Lárúbáwá nìkan. Ẹni tí ó bá dúró ní Ìyànà-Ìbà, tí ó kọjú sí gúúsù, tí ó sì gba Ọ̀jọ́ lọ, yóò kan omi tóóró tí ó ti ọ̀sà Èkó wá, tí ó gba iwájú Àgbádárìgì kọjá títí dé Àjàṣẹ́. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, omi yìí ni ọmọ oyè tí wọ́n lé ní ìlú, oníwàásù, oníṣòwò ẹrú àti oníṣòwò epo jọ ń gbà, àwọn ìlú Àwórì tí ó wà ní àárín sì ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá. Epo ìgbà náà kì í ṣe epo rọ̀bì, epo pupa ni. Òun náà sì ni ó kọ́kọ́ mú kí àwọn alágbára ayé máa ṣọ́ ẹni tí yóò jọba ní etíkun ilẹ̀ Yorùbá.

Iṣẹ́ yìí yóò ṣàlàyé bí pípààrọ̀ ọba ní Èkó láàárín ọdún 1841 sí 1861 ṣe pààrọ̀ àwọn tí Èkó ń bá dòwò pọ̀ lókè òkun. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé ìfẹ́ inú ọba tuntun kọ́ ni ó ń pinnu ẹni tí ìlú yóò bá rìn. Ẹni tí ó gbé ọba dé orí ìtẹ́ àti ẹni tí ń ra ọjà ìlú ni ó ń pinnu rẹ̀.

Ẹrú, epo àti àwọn tí ń rà wọ́n

Ní ọdún 1807 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Síbẹ̀, oko ìrèké ṣì ń béèrè ènìyàn ní Bùràsíìlì àti Kúbà, Èkó sì wá di ọ̀kan nínú àwọn èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrú jùlọ ní etíkun yìí. Tábà àti ọtí láti Bahia ni àwọn oníṣòwò Bùràsíìlì àti Pọtogí fi ń san owó rẹ̀. Ní àkókò kan náà, ẹ̀rọ ń pọ̀ sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ ń fẹ́ ohun tí yóò mú un yọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń fẹ́ ọṣẹ, ilé ń fẹ́ àbẹ́là. Epo pupa ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, àwọn oníṣòwò Liverpool sì wá a dé etíkun wa.

Oníbàárà oríṣi méjì ni ó wá dúró níwájú ààfin Èkó. Ọ̀pọ̀ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé epo wá lé ẹrú lọ. Àṣìrò ńlá ni èyí. Ẹrú ni ń fún epo, ẹrú ni ń rù ú dé etí omi, ẹrú ni ń wa ọkọ̀ tí ó gbé e. Ìjòyè tí ń ta ẹrú lánàá náà ni ń ta epo lónìí, àwọn mìíràn sì ń ta méjèèjì pọ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ẹni tí ń rà á àti irú ọkọ̀ ogun tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Akíntóyè àti Kòsọ́kọ́

Nígbà tí Ọba Olúwọlé wàjà ní ọdún 1841, Akíntóyè ni wọ́n fi jẹ ọba. Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun náà fẹ́ oyè, wà ní ìgbèkùn ní Ouidah láàárín àwọn oníṣòwò ẹrú. Akíntóyè ránṣẹ́ pè é padà sílé. Ẹlẹ́tù Òdìbò kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, kò gbọ́. Ní ọdún 1845 ni Kòsọ́kọ́ dìde ogun sí i, èyí tí ìtàn Èkó ń pè ní Ogun Olómirò. Ó gba ìtẹ́, ó pa Ẹlẹ́tù, Akíntóyè sì sá lọ sí Abẹ́òkúta kí ó tó wá fi Àgbádárìgì ṣe ibùjókòó.

Àgbádárìgì ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Henry Townsend ti gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1842. Àwọn oníwàásù mìíràn àti àwọn Sàró tí wọ́n ti Freetown bọ̀ sì ti ń pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni Akíntóyè ti gbọ́ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ gbọ́. Ó ṣèlérí pé bí wọ́n bá gbé òun padà sí Èkó, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú, òun yóò sì ṣí ìlú sílẹ̀ fún òwò epo. Ẹni tí ó bá wo ọdún mẹ́rin tí Akíntóyè kọ́kọ́ lò lórí oyè yóò rí i pé òwò ẹrú kò dáwọ́ dúró ní Èkó nígbà náà. Kò pọn dandan kí a pè é ní ẹlẹ́tàn. Ọba tí kò ní ìlú mọ́ ni, ohun kan ṣoṣo tí ó sì kù fún un láti tà ni ọ̀rẹ́ ọjọ́ iwájú.

John Beecroft, tí Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe kọ́ńsù ní ọdún 1849, wá sí Àgbádárìgì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1851, ó sì bá Akíntóyè sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹta, Dàhómì kọlu Abẹ́òkúta, Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ní oṣù Kẹfà, ìjà àwọn ọmọlẹ́yìn Akíntóyè àti ti Kòsọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì fúnra rẹ̀, iná sì jó apá tí ó pọ̀ nínú ìlú náà. Ní oṣù Kọkànlá, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó, Kòsọ́kọ́ sì lé wọn padà. Wọ́n tún wá lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì pẹ̀lú agbára tí ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìbọn àgbá fi dún, apá ńlá nínú ìlú sì jóná kí Kòsọ́kọ́ tó sá kúrò.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1852, Akíntóyè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Òwò ẹrú di èèwọ̀, àwọn àjèjì tí ń ṣe é gbọ́dọ̀ jáde ní ìlú, òwò epo di ṣíṣí sílẹ̀, àwọn oníwàásù sì wà lábẹ́ ààbò ọba. Ọjọ́ kan péré ni Èkó fi kúrò lápá Bùràsíìlì bọ́ sápá Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Ade Ajayi, nínú àyẹ̀wò tí ó ṣe ní ọdún 1961, jiyàn pé ìṣàkóso òwò ni ó wà ní ọkàn Gẹ̀ẹ́sì ju àánú àwọn ẹrú lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà á tó bẹ́ẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ tí a ń bá bọ̀, èyí tí ó wù kí ó jẹ́ òtítọ́ nínú méjèèjì, gbèsè tí Akíntóyè jẹ kò yàtọ̀.

Kòsọ́kọ́ ní Ẹ̀pẹ́

Bí ó bá jẹ́ pé ìwà ọba ni ó ń pinnu ọ̀rẹ́ rẹ̀, Kòsọ́kọ́ ì bá ti jẹ́ ọ̀tá Gẹ̀ẹ́sì títí ayé. Ẹ̀pẹ́ ni òun, Ọ̀ṣọ́dì Tápà àti àwọn ènìyàn wọn tẹ̀dó sí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1853, ó tún gbógun wá sí Èkó, kò ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ yìí kan náà tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú Benjamin Campbell, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi òwò ẹrú sílẹ̀, ó gbà pé òun kò ní bá Èkó jà mọ́, wọ́n sì gbà á láyè láti máa ṣòwò epo láti Pálmà àti Lẹ́kkí.

Kí ni ó yí i lọ́kàn padà? Ní ọdún 1850 ni Bùràsíìlì fúnra rẹ̀ ṣe òfin líle tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ń kó ẹrú wọlé. Oníbàárà àtijọ́ ti ń lọ. Epo ni ó kù, ẹni tí ó sì ń ra epo jùlọ ni Gẹ̀ẹ́sì. Akíntóyè àti Kòsọ́kọ́ tí wọ́n tìtorí oyè ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dé ibì kan náà láàárín ọdún mẹ́ta. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni pé Kòsọ́kọ́ dúnàádúrà pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, ó sì gba èbúté méjì. Akíntóyè ni ó gba ìtẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Dòsùnmú

Akíntóyè wàjà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1853. Campbell rí sí i pé wọ́n fi Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ jọba kíákíá, kí àyè má baà ṣí fún Kòsọ́kọ́. Ọba kejì nìyí tí kọ́ńsù yóò lọ́wọ́ sí oyè rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹjọ́ tí ó yẹ kí ó dé ààfin ń yà sí ilé kọ́ńsù. Ní ọdún 1856, Campbell ní kí Dòsùnmú lé Tinúbú kúrò ní Èkó, obìnrin oníṣòwò tí ó ti bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ní ìgbèkùn. Ó lé e. Ìyá Tinúbú sì kó lọ sí Abẹ́òkúta.

Awìn ni òwò epo wà lórí rẹ̀. Òyìnbó yóò kó aṣọ àti owó ẹyọ fún alájàpá, alájàpá yóò wọ oko lọ, epo yóò dé lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, tàbí kí ó má dé. Bí gbèsè bá wọlé, ta ni yóò gbà á? A. G. Hopkins, nínú iṣẹ́ tí ó gbé jáde ní ọdún 1980, fi hàn pé ọ̀rọ̀ gbèsè, ilẹ̀ àti ohun ìní yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn oníṣòwò fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú pátápátá. Ọba tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n tún wá ń fi ẹ̀sùn kàn pé kò lágbára. Ẹ̀rù Faransé náà ń ba Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ọkọ̀ ogun Prometheus wà lójú omi, William McCoskry, oníṣòwò tí ó ń ṣe adelé kọ́ńsù, sì gbé ìwé síwájú Dòsùnmú. Ó kọ̀. Wọ́n halẹ̀ ìbọn àgbá mọ́ ìlú. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n sì fi 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ lọ́dọọdún ṣe owó ìfẹ̀yìntì fún un. Àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ fi ẹ̀hónú hàn pé ọba kò ní ilẹ̀ tí ó lè fi tọrẹ. Ọdún 1921, nínú ẹjọ́ Amodu Tijani, Olúwa Èkó, ni ilé-ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ́nù tó wá gbà pé ìwé náà kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀.

Èkó àti Sáúdì

Níbi tí a dé yìí ni àfiwé Sáúdì ti lè ràn wá lọ́wọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1964, ìdílé ọba ibẹ̀ yọ Saud, wọ́n fi Faisal jẹ. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni; kò sí ọmọ oyè kankan tí ó padà wọlé nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí Faisal fi epo du Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹ̀wàá ọdún 1973 nítorí ogun Ísírẹ́lì, Amẹ́ríkà bínú, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ṣọ̀rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Salman pẹ̀lú lè yí ojú sí Ṣáínà láìkọ Amẹ́ríkà sílẹ̀, nítorí pé Ṣáínà, Íńdíà àti Jàpáánù ń du epo rẹ̀. Ọba Sáúdì lè pààrọ̀ ọ̀rẹ́ nítorí pé kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìtẹ́. Dòsùnmú jẹ ẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn oníṣòwò Faransé àti Jámánì náà ń ra epo ní etíkun yìí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun ẹnì kan ṣoṣo ni ó dúró ní ẹnu ọ̀sà.

Àjàṣẹ́

Ní ìparí omi tí ó gba iwájú Ọ̀jọ́ kọjá, ọba Àjàṣẹ́ rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí ìlú tirẹ̀ náà ní ọdún 1861, Àgbádárìgì sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1863. Ọdún yẹn ni Ọba Sodji sá sábẹ́ ààbò Faransé. Mikpon tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ní 1864 kò fẹ́ wọn, kò sì pẹ́ tí Faransé fi kó ẹrù wọn lọ. Toffa jọba ní 1874. Ó ní àwọn ọmọ oyè tí ń bá a du ìtẹ́, ó ní Dàhómì lẹ́yìn, ó ní Gẹ̀ẹ́sì níwájú. Òun ni ó pe Faransé padà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880, àwọn ni wọ́n sì bá a ṣẹ́gun Béhanzin ọba Dàhómì. Nígbà tí Toffa wàjà ní ọdún 1908, Faransé kò jẹ́ kí ẹni tí ó tẹ̀lé e lórí oyè jẹ́ orúkọ ọba mọ́. Olóyè àgbà ni wọ́n pè é.