Ìmọ̀ràn Òǹwòran àti Fídíò Òkè Adó

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó ń lànà kì í mọ̀ bí ó bá wọ́. Ẹni tí ó dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń rí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo rí. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn lè hun sányán tí ó wu ojú rí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á tí ó sì fi dá agbádá ni yóò mọ̀ bí ó bá wúwo jù, tàbí bí àwọ̀ rẹ̀ bá ń ṣí. Bí ahunṣọ náà bá fi etí sí ohun tí oníbàárà rẹ̀ wí, aṣọ tí yóò hun ní ẹ̀ẹ̀mìíràn yóò sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ní ayé òde òní, iṣẹ́ kan ti kún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti aṣọ híhun ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ràn ìrìn-àjò ìgbádùn a máa kó ara wọn jọ, wọn a gun òkè, wọn a sì fi tẹlifóònù ya fídíò ohun tí wọ́n bá rí kí àwọn tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn lè wò ó. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n sábà ń lọ ni Adó-Àwáyè, ìlú kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn. Àtẹ̀gùn tí ó ju 300 lọ ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé orí òkè náà. Níbẹ̀ ni Adágún Ìyàkẹ́ wà, omi tí ó dúró sí orí àpáta. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni òkúta Ìṣàgè wà, èyí tí ìdí rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i yóò rò pé yóò ṣubú nísinsìnyí. Àwọn kòtò kan sì wà lára àpáta tí wọ́n dà bí ojú ẹsẹ̀, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà.

Kì í ṣe òní ni òǹwòran ti ń tún iṣẹ́ eléré ṣe ní ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1826, nígbà tí Òyọ́-Ilé ṣì jẹ́ olú-ìlú Aláàfin, arìnrìn-àjò ará Scotland kan, Hugh Clapperton, dé ibẹ̀, a sì pè é wo eré àwọn eégún aláré. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé eégún kan di òjòlá ní ojú agbo, àti pé òmíràn di Òyìnbó tí òtútù ń mú, tí ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń dùn lẹ́sẹ̀. Inú àwọn èrò dùn sí i púpọ̀. Bí eré bá dùn, owó a máa bọ́ sí ojú agbo. Bí kò bá sì dùn, àwọn ènìyàn a máa yọ́ lọ sílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Eléré kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ojú rẹ̀ ni ó fi ń rí i. Ṣùgbọ́n ti fídíò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó yà á lè wà ní Ìsẹ́yìn, kí ẹni tí ń wò ó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ojú kò rí ojú. Nítorí náà, bí òǹwòran kò bá la ẹnu sọ̀rọ̀, ẹni tí ó ya fídíò kò ní mọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó.

Ìmọ̀ràn kìn-ín-ní tí ó tọ́ kí òǹwòran fún wọn ni pé kí wọ́n fi òtítọ́ ṣáájú ìyangàn. A sábà máa ń gbọ́ nínú irú fídíò bẹ́ẹ̀ pé Ìyàkẹ́ nìkan ni adágún orí òkè ní gbogbo Áfíríkà, àti pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ó tún kù ní gbogbo ayé, èyí tí ó wà ní Colorado ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí à ń pè ní Hanging Lake. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti ka gbogbo adágún tí ó wà ní orí òkè ayé tán? Àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ jọra. Omi tí ń ṣàn ni ó ṣu òkúta jọ díẹ̀díẹ̀ tí ó fi di bèbè Hanging Lake ní ẹ̀gbẹ́ àfonífojì. Inú kòtò àpáta líle ní orí òkè ni omi Ìyàkẹ́ wà. Bákan náà, a máa ń gbọ́ pé Ìyàkẹ́ kò ní ìsàlẹ̀. Kò burú kí a sọ ìtàn náà, nítorí ogún àwọn baba ni; ṣùgbọ́n kí a sọ pé, “Ìtàn ìbílẹ̀ wí pé,” kí a má sọ ọ́ bí ẹni tí ó ti fi okùn wọ̀n ọ́n. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọjọ́ tí ó bá sì bá a, a kò ní gba èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nípa Adó-Àwáyè gbọ́ mọ́.

Ìmọ̀ràn kejì ni pé kí wọ́n fi ìṣòro ibẹ̀ hàn pẹ̀lú ẹwà rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1955, Walt Disney ṣí ọgbà ìgbádùn ńlá kan tí a ń pè ní Disneyland ní ìlú Anaheim, ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí ó jókòó sílé wo ìṣílé náà nínú tẹlifíṣàn, wọ́n sì rí ijó àti ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ní inú ọgbà náà, oòrùn mú gan-an, omi mímu kò tó, ọ̀dà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí ojú ọ̀nà sì ń gbé gìgísẹ̀ bàtà àwọn obìnrin mì. Disney kò fi ìyẹn ṣe òpin ọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ a máa rìn káàkiri láàárín èrò láti mọ ohun tí ó wù wọ́n àti ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Bí fídíò Òkè Adó bá fi ẹ̀rín àwọn tí ó dé orí òkè nìkan hàn, arúgbó tàbí aláìsàn lè gbéra láìmọ bí àtẹ̀gùn náà ti pọ̀ tó. Ó tọ́ kí a fi àtẹ̀gùn náà hàn, kí a sọ pé àpáta a máa yọ̀ ní ìgbà òjò, kí a rán àlejò létí láti gbé omi mímu dání, kí a sì kìlọ̀ pé Ìyàkẹ́ kì í ṣe ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ìmọ̀ràn kẹta kan àwọn onílé. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò, àlejò ni ó ń sọ ìtàn ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí a kò sì gbọ́ ohùn ọmọ ìlú kan. Àwọn àgbà Adó-Àwáyè wà láàyè, wọ́n sì mọ orúkọ òkúta kọ̀ọ̀kan àti ìdí tí a fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí a jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní ohùn Òkè-Ògùn, kí a sì kọ orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó péye. Orí òkè náà tún jẹ́ ibi àdúrà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. A kì í ya ẹni tí ń gbàdúrà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kẹrin jẹ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ òkè fúnra wọn. Ìfẹ́ tí ń ba ohun tí ó fẹ́ jẹ́ kì í ṣe ìfẹ́. Ní Hanging Lake, a ti fi òfin dè é kí ẹnikẹ́ni má wọ inú omi, nítorí pé ọ̀rá ara ènìyàn a máa ba òkúta tí omi ń ṣù jọ náà jẹ́. Láti ọdún 2019 ni a sì ti fi ìwọ̀n 615 ènìyàn lélẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé èrò ti pọ̀ jù. Kò di ìgbà tí ìjọba bá ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ kí ẹgbẹ́ kan tó pinnu pé kò sí ọ̀rá omi tí àwọn yóò fi sílẹ̀ ní orí òkè, pé kò sí orúkọ tí àwọn yóò fi ọ̀dà kọ sí ara àpáta, àti pé ọmọ ìlú tí ó bá ṣe amọ̀nà àwọn yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ó kù bí a ti ń fún ni ní ìmọ̀ràn. Bí òǹwòran bá wí pé, “Fídíò yìí kò dára,” kí ni ẹni tí ó yà á yóò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe? Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí ẹ ń sọ ìtàn Ìṣàgè, afẹ́fẹ́ bo ohùn yín mọ́lẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa wá ẹ̀yìn àpáta dúró sí kí ẹ tó sọ̀rọ̀,” ó ti yìn, ó ti tọ́ka sí àléébù, ó sì ti fi ọ̀nà àtúnṣe hàn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí a sì ń gbà ní ìmọ̀ràn gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá wí fún un ni yóò ṣe, nítorí pé àwọn kan yóò fẹ́ kí ó fi irọ́ dá àwọn lára yá. Kí ó gbé ìmọ̀ràn kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò: ǹjẹ́ yóò mú kí òtítọ́ hàn sí i? Ǹjẹ́ yóò dáàbò bo àlejò àti onílé? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó gbà á, ìbáà jẹ́ ọmọdé ni ó mú un wá.

Nípa báyìí, àwọn tí ń ya fídíò Òkè Adó àti àwọn tí ń wò ó di alábàáṣiṣẹ́ ara wọn. Orúkọ ìlú kan ni ó wà ní ọwọ́ àwọn méjèèjì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn kò ní tẹ Adó-Àwáyè láéláé, ohun tí fídíò bá fi hàn wọ́n nìkan ni wọn yóò fi mọ̀ ọ́n.