Iná Oko Lásìkò Ọyẹ́: Ìlàlóye fún Ará Ìmọ́tà àti Agbègbè Rẹ̀

Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ sì dé, ewé inú oko láti Ìmọ́tà lọ sí Agbówà títí dé Ẹ̀pẹ́ á gbẹ fúrúfúrú. Àsìkò náà gan-an ni iná ń pọ̀ lóko. Àgbẹ̀ ń sun pàǹtí ilẹ̀ tuntun, ọdẹ ń yáná lóru, àwọn tó ń ṣe epo pupa ń koná sábẹ́ àgbá, àwọn ọ̀dọ́ tó lọ pàgọ́ náà ń dáná tiwọn. A kò ní kẹ́ ẹ má dáná. Bí ẹ ó ṣe dá a, àti pàápàá bí ẹ ó ṣe pa á, ni ọ̀rọ̀ wa.

Kẹ́ ẹ tó ṣáná

Ẹ gbá ewé àti koríko gbígbẹ kúrò ní ìwọ̀n mítà 3 yí ààrò ká, títí ẹ ó fi kan erùpẹ̀. Ẹ gbójú sókè pẹ̀lú: imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ tó rọ̀ sílẹ̀ máa ń gbiná kíákíá, nítorí náà ẹ má dáná lábẹ́ ọ̀pẹ. Etí àbàtà tó kún fún gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà kò dára bó bá ti gbẹ. Iná lè wọlẹ̀ níbẹ̀, kó jó lábẹ́lẹ̀, kó sì yọ níbòmíràn lọ́jọ́ kejì. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan tó kún sítòsí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń le, ẹ má dáná, ẹ fi gàrí mímu ṣe é lọ́jọ́ náà. Ẹ má da bẹntiróòlù sígi: ooru rẹ̀ á ti tàn ká, ẹni tó ṣáná ni yóò kọ́kọ́ jó. Ẹ má sì fi ọmọdé ṣọ́ iná.

Pípa iná

Èyí ni a fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bu erùpẹ̀ bo iná, wọ́n á sì kọrí sílé. Ẹ wo àwọn tó ń sun èédú: erùpẹ̀ ni wọ́n fi ń bo igi tó ń jó, kí ooru lè pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹyín iná tí ẹ bu erùpẹ̀ bò, ẹ tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ni. Ẹ da omi sí i, ẹ fi igi rò ó bí ẹni ń ro àmàlà, ẹ tún da omi sí i. Ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ eérú. Bó bá ṣì ń gbóná, iná kò tíì kú; ẹ má kúrò níbẹ̀.

Ìyàngbò ìrẹsì, tí gbogbo wa túbọ̀ mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ́tà lọ́dún 2023, ṣòro pa ju iná igi lọ bó bá ń jó. Òkè rẹ̀ lè dúdú kí inú rẹ̀ ṣì pọ́n fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ tú òkìtì náà ká kẹ́ ẹ tó da omi sí i.

Ẹ má gbé ẹyín iná wọ inú ahéré nítorí òtútù. Ó ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò lóòórùn tí kò sì ṣeé fojú rí. Ó lè pa ẹni tó ń sùn.

Àgbẹ̀ àti ọdẹ

Ẹni tó bá fẹ́ sun pàǹtí, kó ro ààlà oko rẹ̀ mọ́ ná, kó sọ fún aládùúgbò, kó má dá nìkan ṣe é, kó sì ṣe é láàárọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó dé. Ẹ̀yin ọdẹ, a bẹ̀ yín, ẹ má finá sígbó nítorí ọ̀yà. Ẹ̀gẹ́ ọdún kan ẹlòmíràn lè wà lẹ́yìn igbó yẹn. Ọ̀daràn ni ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ sun oko olóko lójú òfin. Sísun ìdọ̀tí ilé ní gbangba pàápàá kò bófin Ìpínlẹ̀ Èkó mu.

Bí iná bá sá mọ́ yín lọ́wọ́

Iná kékeré, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ tútù lù ú. Bó bá ti ga tó yín, ẹ sá. Ẹ má sá síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbé iná lọ. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gba ilẹ̀ tí kò ní koríko. Ẹ pe 767 tàbí 112, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ọjà, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí.

Bí iná bá jó èèyàn, ẹ da omi tútù sójú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ẹ bọ́ òrùka kí ọwọ́ tó wú. Ẹ má fi àdín, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Bó bá lé ròrò, ẹ má tú u. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó. Bí ojú, ọwọ́ tàbí abẹ́ bá jó, tàbí tó jẹ́ ọmọdé, ẹ gbé e lọ sí Ilé Ìwòsàn Gbogbogbò Ìkòròdú lójú ẹsẹ̀.