Àdìrẹ Orí Bàbà

Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta kò ní pẹ́ lóye pátákó bàbà tí iná ń gbà kiri inú rédíò. Ibi tí ẹ̀kọ láfún bá bò, aró kì í mú un. Tónà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oní-lésà ni ẹ̀kọ ti pátákó. Oníṣẹ́ yóò tẹ àwòrán ọ̀nà iná sórí bébà dídán, ní ìdàkejì bí ti inú dígí. Yóò dà á dé bàbà tí ó ti fọ̀ mọ́, yóò sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ìyẹ̀fun oníke ni tónà. Ooru ní í yọ́ ọ tí ó fi ń lẹ̀, nítorí náà yíǹkì olómi kò wúlò níhìn-ín. Nígbà tí omi bá ti rẹ bébà kúrò, ferric chloride yóò jẹ gbogbo bàbà tí tónà kò bò.

Omi tí ó kù ni ẹ̀rù wà nínú rẹ̀. Bàbà ti yọ́ sínú rẹ̀, májèlé sì ni fún ẹja. Ní Lekki àti Ajah, níbi tí ilẹ̀ oníyanrìn wà láàárín òkun àti ọ̀sà, omi kànga kò jìn. Ohun tí wọ́n bá dà sẹ́yìn ilé lè padà wá bá wọn nínú korobá. Inú ike olómorí ni kí olùkọ́ pa á mọ́ sí, kì í ṣe inú agolo, nítorí a máa jẹ irin pẹ̀lú.