Ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣọ́ bodè, káńsù ló ń kọ ìwé ọmọ onílùú

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ibereko ní Àgbádárìgì, tó ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀ ní bodè Benin, gbọ́dọ̀ mú páálí ìdánimọ̀ dání, kó sì mú sùúrù mọ́ ọn. Kọ́sítọ̀ọ̀mù á dá ọkọ̀ dúró, ọlọ́pàá á tún dá a dúró, àwọn Ìmígíréṣọ̀n á sì yọjú lójú fèrèsé pé kí olúkúlùkù mú ìwé rẹ̀ jáde. Ara ẹni tó bá ń sọ Ẹ̀gùn, tí Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, ni ojú máa ń pọ̀ sí jù. "Ọmọ ibo ni ọ́?" Ìbéèrè yẹn máa ń dun àwọn ará agbègbè náà wọra, torí pé orí ilẹ̀ baba ńlá wọn ni wọ́n ti ń bi wọ́n.

Bí wọ́n bá wá sọ ẹnì kan kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí wọ́n mú un lọ sí ọ́fíìsì, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni àwọn ẹbí máa ń kọ́kọ́ sáré lọ, lẹ́yìn náà káńsélọ̀, kí ọ̀rọ̀ tó kan alága ìjọba ìbílẹ̀ Àgbádárìgì. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bá ń mú èèyàn lórí ọ̀rọ̀ ìwọlé-wọ̀de, kí ló kù tí káńsù lè ṣe fún ará ìlú?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ohun tí kò lè ṣe kúrò nílẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1999 kó àwọn iṣẹ́ kan jọ tó jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè ṣe òfin lé wọn lórí. Jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè wà níbẹ̀. Ìwọlé àti ìjáde èèyàn wà níbẹ̀, pásípọ́ọ̀tù àti físà wà níbẹ̀, lílé àjèjì kúrò nílùú náà sì wà níbẹ̀. Gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá kò lè fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn, ká má tíì sọ ti alága káńsù. Ọdún 1958 ni àjọ ìwọlé-wọ̀de, ìyẹn Ìmígíréṣọ̀n, kúrò lára iléeṣẹ́ ọlọ́pàá, òfin sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1963. Ọ̀gá àgbà wọn tó wà l'Ábújà àti mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni wọ́n ń jábọ̀ fún. Bí alága káńsù bá lọ sí ọ́fíìsì wọn pé kí wọ́n tú ẹnì kan sílẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló lọ bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní Chicago, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí, olórí ìlú nígbà náà, Harold Washington, ti pàṣẹ láti ọdún 1985 pé kí òṣìṣẹ́ ìlú má ṣe máa bi ará ìlú léèrè bóyá ó ní ìwé ìgbélùú. Ní 1997, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tó dá lórí ìbọn títà, ó ní ìjọba àpapọ̀ kò lè sọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀ di ẹrú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹjọ́ ìbọn yẹn ni àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà gbára lé lónìí. Wọn kò lè dí òṣìṣẹ́ ICE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú àjèjì níbẹ̀, lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè ká ọwọ́ tiwọn gbera. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí ICE ya bo Chicago, Brandon Johnson tó jẹ́ olórí ìlú náà buwọ́ lu àṣẹ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi ibi ìgbọ́kọ̀sí tó jẹ́ ti ìlú ṣe ibùdó tí wọn yóò ti máa jáde lọ mú èèyàn. Ní Texas, òdìkejì rẹ̀ ni: òfin tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 2017 kọ̀ fún ìlú èyíkéyìí láti ká ọwọ́ gbera. Ọmọ ìyá méjì lè wà ní Amẹ́ríkà, kí ọ̀kan máa gbé Chicago, kí èkejì máa gbé Houston, kí ọ̀nà tí ọlọ́pàá ìlú wọn gbà ń wò wọ́n má sì dọ́gba.

Àgbádárìgì kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀ tó lè fà sẹ́yìn, kò ní ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ tó lè tì mọ́ Ìmígíréṣọ̀n. Títì tí wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró lórí rẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí káńsù wa ṣe bíi Chicago kò tíì wo ohun tó wà lọ́wọ́ káńsù.

Kí a tó dé ibi tí agbára káńsù wà, ó yẹ ká mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ìwé fi le tó báyìí ní etíkun yìí. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tó la ilẹ̀ náà sí méjì. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Àgbádárìgì sì wà lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Agboolé kan náà, òrìṣà kan náà, ọjà kan náà, wọ́n wá di ti orílẹ̀-èdè méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí nílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ tí bodè kan náà gba ẹ̀gbẹ́ ìlú rẹ̀ kọjá, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé lórí àwọn èèyàn tí wọ́n là sí méjì báyìí. Títí di òní, ọ̀pọ̀ obìnrin Ẹ̀gùn ló ń ti ìhà ibí lọ ilé ọkọ ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n sì ń padà wá bímọ sọ́wọ́ ìyá wọn.

Àwa Yorùbá pẹ̀lú ti jẹ nínú ìyà pé kí wọ́n lé èèyàn nítorí ìwé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn èèyàn tó ti ń ṣòwò ní Kùmásí àti Tamale láti ìgbà bàbá wọn di ẹrù wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ẹ̀jìgbò àti Ìnísà, àwọn ọmọ mìíràn sì wà nínú wọn tí wọn kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa rí. Ọdún 13 lẹ́yìn náà, ó kàn wá láti lé tiwọn. Ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983 ni Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé lábẹ́ Ààrẹ Shagari, kéde pé kí àwọn tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọjọ́ 14. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn ará Gánà tó kó ẹrù wọn kúrò tó mílíọ̀nù kan. Òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì ni ọ̀pọ̀ wọn gbà, pẹ̀lú àpò tí a ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Rawlings, olórí Gánà, ti ti bodè ilẹ̀ rẹ̀ láti 1982, Benin kò sì fẹ́ kí èrò há sọ́dọ̀ òun, ni Sẹ̀mẹ̀ bá kún fún èèyàn tí kò lè lọ síwájú, tí kò sì lè padà. Ọjọ́ 29 oṣù náà ni Gánà tó ṣí bodè rẹ̀. Àṣẹ yẹn kò ti ọ̀dọ̀ káńsù kankan wá, ṣùgbọ́n ẹ̀bá ọ̀nà Àgbádárìgì ni ìyà rẹ̀ já sí.

Ohun tó mú kí ti 1983 dunni ni pé ECOWAS ti fọwọ́ sí àdéhùn ìrìn-àjò fàlàlà ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1979. Àdéhùn náà ṣì wà: ọmọ Benin tó ní ìwé ìrìnnà tó péye lè wọlé, kó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Síbẹ̀, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba Buhari ti bodè, tí Kọ́sítọ̀ọ̀mù, Ìmígíréṣọ̀n, ọlọ́pàá àti sójà jọ jáde. Ní oṣù Kọkànlá wọ́n tún ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín 20 kìlómítà sí bodè. Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó pàṣẹ kí Sẹ̀mẹ̀ di ṣíṣí. Wọ́n ti ṣí bodè ní tòótọ́, àmọ́ àwọn ojú àyẹ̀wò orí títì kò tíì tán.

Ibi tí agbára káńsù wà wá nìyí, ibi tí ojú kì í sì í tó ni: tábìlì tí wọ́n ti ń kọ ìwé ọmọ onílùú ní sẹkitéríàtì. Ìwé pélébé kan ni. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wà lókè, fọ́tò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òǹtẹ̀ sì gun fọ́tò náà lápá kan kí ẹnikẹ́ni má baà ṣí i kúrò lẹ òmíràn mọ́ ọn. Kí ó tó dé ibẹ̀, ẹni tó ń wá a á ti gba lẹ́tà lọ́wọ́ baálẹ̀ pé agboolé báyìí ló ti jáde. Ìjọba àpapọ̀ tó ń béèrè ìwé lójú ọ̀nà máa ń béèrè ìwé kan náà nígbà tí èèyàn bá fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù. Ohun tí káńsù bá kọ ni Ìmígíréṣọ̀n máa kà.

Ìbéèrè tí wọ́n sì sábà máa ń béèrè lórí tábìlì yẹn ni, "Agboolé bàbá rẹ dà?" Ibẹ̀ ni mo ti rí àléébù tó tóbi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Abala 25 ìwé òfin kò fi bàbá ṣáájú ìyá. Ẹni tí wọ́n bí sí Nàìjíríà lẹ́yìn òmìnira, bí ìyá tàbí bàbá rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn, bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Kódà bí wọ́n bá bí i sí Àjàṣẹ́, tí ìyá rẹ̀ nìkan jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kò yí padà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ibereko, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Kútọnu, kì í ṣe àlejò tí a ń ṣàánú fún.

Ilé ẹjọ́ ti fi ìdí irú èyí múlẹ̀ rí. Shugaba Abdurrahman Darman ni olórí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Borno, ẹgbẹ́ GNPP ló wà, ẹgbẹ́ náà sì ń ta ko ìjọba Shagari. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1980, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ mú un, wọ́n gbé e gba bodè kọjá sí ilẹ̀ Chad pé kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Chad ni bàbá rẹ̀ ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n Kànúrí ará Borno ni ìyá rẹ̀. Shugaba pe ìjọba lẹ́jọ́ ní Máídúgùrì. Ilé ẹjọ́ gíga ní ọmọ Nàìjíríà ni, ó ní kí ìjọba san 350,000 náírà fún un. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín owó náà kù sí 50,000, àmọ́ kò yí ìdájọ́ padà. Bí agbára ṣe pọ̀ tó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ìran ìyá kan borí rẹ̀.

Shugaba jẹ́ aṣòfin, ó ní agbẹjọ́rò, ó ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn. Ìyá ẹlẹ́ja tó ń ti Ibereko lọ kò ní ìkankan nínú wọn. Ohun tó lè ní ni ìwé tó pé kó tó kúrò nílé. Káńsù kò nílò àṣẹ Àbújà láti sọ fún akọ̀wé rẹ̀ pé kó máa gba lẹ́tà agboolé ìyá bó ṣe ń gba ti bàbá. Kò nílò rẹ̀ láti kọ iye owó ìwé náà sára ògiri kí gbogbo èèyàn rí i, tàbí láti gbé tábìlì yẹn wá sí wọ́ọ̀dù Ibereko fún ọjọ́ mélòó kan lọ́dún, kí ó sì pe àwọn tó ń ṣe nọ́ḿbà ìdánimọ̀ NIN àti àwọn tó ń kọ ìwé ọjọ́ ìbí síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwíjàre pé kò sí owó náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Mo mọ̀ pé ìdájọ́ ò ní kí owó dé lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ògiri àti páálí tí a fẹ́ fi kọ iye owó kò tó ohun tí a ń dúró de Àbújà fún.

Iṣẹ́ kan tún wà tí káńsù lè ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú ẹnì kan gan-an. Abala 35 ìwé òfin sọ pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú, ọmọ onílùú tàbí àjèjì, lè panu mọ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Ó tún sọ pé láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sílẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́. Àwọn tó mọ Ẹ̀gùn kọ kò ṣọ̀wọ́n ní Àgbádárìgì, káńsù sì lè yan méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn tí yóò máa lọ bí ìpè bá dé. Bó bá jẹ́ Ẹ̀gùn nìkan ni ẹni tí wọ́n mú gbọ́, Ẹ̀gùn ni kí wọ́n fi kọ ọ́ fún un.