Bí a ṣe ń yanjú àṣìṣe láíbìrì àjùmọ̀lò nínú iṣẹ́ dátábéèsì

Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ń lò ni ó gbára lé dátábéèsì, níbi tí orúkọ àti owó àwọn ènìyàn wà. Iṣẹ́ a máa dá dúró nígbà tí ètò kò bá rí láíbìrì àjùmọ̀lò tí ó nílò. A ṣe àlàyé yìí fún àwọn olùgbé ìpínlẹ̀ wa tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láíbìrì àjùmọ̀lò jẹ́ fáìlì kan tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò, gẹ́gẹ́ bí kànga àdúgbò tí gbogbo ilé ti ń pọn omi. Ẹ jẹ́ kí a fi PostgreSQL lórí Ubuntu ṣe àpẹẹrẹ. Libpq ni láíbìrì tí àwọn ètò fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀.

Èkíní máa ń yọjú nígbà tí a bá ń kọ́ módù: «cannot find -lpq». Èyí ni pé kọ̀ǹpútà kò rí fáìlì libpq.so tí a fi ń so módù pọ̀ mọ́ láíbìrì. Libpq.so.5 tí ètò fi ń ṣiṣẹ́ lè wà níbẹ̀, síbẹ̀ kí èyí má sí. Àṣẹ tí ó ń tún un ṣe ni «sudo apt install libpq-dev». Bí ó bá jẹ́ pé fódà mìíràn ni PostgreSQL wà, «pg_config --libdir» yóò fi fódà náà hàn; ẹ ó sì fi -L tọ́ka sí i.

Èkejì máa ń wáyé lẹ́yìn tí a ti kọ́ módù tán: «libpq.so.5: cannot open shared object file». Ẹ lo àṣẹ ldd lórí módù náà; yóò kọ «not found» síwájú èyí tí kò rí. Ẹ má ṣe lo ldd lórí fáìlì tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀, nítorí ó lè mú kí fáìlì náà ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ọ̀nà fódà láíbìrì náà sínú fáìlì .conf kan ní /etc/ld.so.conf.d, kí ẹ sì pa àṣẹ «sudo ldconfig». LD_LIBRARY_PATH dára fún ìdánwò, ṣùgbọ́n kì í ṣe àtúnṣe ayérayé.

Ìkìlọ̀ wa ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí orúkọ láíbìrì mìíràn padà kí ó lè bá èyí tí ètò ń béèrè mu. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé .so ń sọ irú èyí tí ètò lè bá ṣiṣẹ́. Bí wọn kò bá bára mu, ètò lè dákú láàárín iṣẹ́, tàbí kí ó ba àkọsílẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi pg_dump ṣe ẹ̀dà dátábéèsì, kí ẹ sì dán àtúnṣe wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ tó fọwọ́ kan èyí tí àwọn ará ìlú gbẹ́kẹ̀ lé.