Ọrùn Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Mì Jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀: Ẹ Ṣọ́ra O, Ikú Ń Bẹ Níbẹ̀!

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Àwọn àgbà ló pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé àwọn tó ń ṣe básíkù lẹ́bàá títì ni wọ́n dìídì pa á fún. Ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Òkókómáíkò, bí ènìyàn bá gbọ́ gbà, gbà, gbà lábẹ́ agboòrùn oníkẹ̀kẹ́, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọrùn kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń fi háàmà lù. Ọ̀rọ̀ ọrùn yìí gan-an la gbé wá lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá là ń wí. Básíkù ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní kẹ̀kẹ́ ológeere. Òun ni ọmọ iléèwé ń gùn, òun ni kápẹ́ńtà ń so ayùn mọ́ lẹ́yìn, òun ni oníbúrẹ́dì fi ń kiri. Rélùwéè Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ni ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ parí sí. Ẹni tó ń gbé Òkókómáíkò tí kò rówó mọ́tò san lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí básíkù rẹ̀ ló kù tí yóò gbára lé.

Púpọ̀ nínú básíkù tó wà níta báyìí, tòkunbọ̀ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní mountain bike, tí táyà rẹ̀ nípọn, tí fọ́ọ̀kì rẹ̀ sì ní ṣọ́ọ̀kì bíi ti ọ̀kadà. Kẹ̀kẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí fọ́ọ̀kì rẹ̀ bá bàjẹ́, tí a sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ ỌRÙN NÁÀ?

Irin kúkúrú kan wà níwájú fírémù tó dà bí ọrùn ìgò. Páìpù tó wà lórí fọ́ọ̀kì ló máa ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ pàdé hándù lókè. Kí páìpù yìí má baà máa ha irin fírémù, wọ́n fi ife kékeré kan sí òkè ọrùn, wọ́n fi òmíràn sí ìsàlẹ̀, bẹ́ríǹ sì wà nínú méjèèjì. Òrùka irin kan tún wà tó jókòó sí èjìká fọ́ọ̀kì, òun ni bẹ́ríǹ ìsàlẹ̀ ń yí lé lórí. Gbogbo ẹrù ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, gbogbo kòtò tó bá já sí, ara àwọn nǹkan kéékèèké yìí ló ń bọ̀.

Oríṣi méjì ló wà. Ti àtijọ́, irú èyí tó wà lára Raleigh àti Phoenix, eyín ló wà lára páìpù fọ́ọ̀kì rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀tì ni wọ́n sì fi ń dè é lókè. Ti ìgbàlódé, èyí tó gbòde lẹ́yìn ọdún 1990, kò ní eyín rárá. Páìpù rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ ni, apá tó mú hándù ló ń fún un mọ́ra pẹ̀lú bóòtù ẹ̀gbẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, yóò ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. Páìpù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ ínǹṣì 1. Ti mountain bike sábà máa ń jẹ́ mílímítà 28.6, ìyẹn ínǹṣì 1 àti ìdá kan nínú mẹ́jọ. Àwọn tuntun mìíràn wà tí ìsàlẹ̀ wọn fẹ̀ tó ínǹṣì 1 àti ààbọ̀, tí òkè wọn sì tín-ín-rín. Fọ́ọ̀kì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ báyìí kò lè wọ ọrùn tóóró, bó o bá fi háàmà lù ú títí di alẹ́. Raleigh tí wọ́n ṣe ní Nottingham láyé ọjọ́un pàápàá ní àrà tirẹ̀: eyín 26 ló wà nínú ínǹṣì kan lára páìpù rẹ̀, nígbà tí púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ yòókù ní 24. Bí o bá fi tipátipá dé nọ́ọ̀tì èkejì lé e lórí, eyín méjèèjì á jẹ, ó di pé kí o wá fọ́ọ̀kì mìíràn.

"Ẹ BÁ MI JÓ O PỌ̀"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ikú ni ti wẹ́dà. Fọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ lára kẹ̀kẹ́ kékeré, páìpù rẹ̀ máa ń kúrú. Oníbàárà á gbé e dé láti Àlàbá, á ní:

"Ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ọmọ mi fi fọ́ọ̀kì yìí sí i."

"Ẹ káàsán mà. Ìyá aláṣọ, páìpù yìí kúrú o. Kò lè dé òkè."

"Ṣebí wẹ́dà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbẹ̀ yẹn? Ẹ ní kó bá mi jó irin díẹ̀ mọ́ ọn."

"Rárá o, màmá. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín."

Ẹni tó dáhùn báyìí, oníṣẹ́ gidi ni. Ẹni tó ní "kò burú, ẹ mówó wá" ni kí ẹ sá fún. Iná wẹ́dà máa ń sọ ẹ̀gbẹ́ ibi tó bá jó di aláìlágbára, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni kẹ̀kẹ́ ń tẹ̀ sí nígbà gbogbo tí a bá di bíréèkì iwájú mú. Kò ní já lọ́jọ́ tí wọ́n jó o. Yóò là díẹ̀díẹ̀ lábẹ́lẹ̀, níbi tí ojú kò tó. Lọ́jọ́ tó bá wù ú, á já pẹ́ẹ́, hándù á kù sí ọmọ náà lọ́wọ́, ojú ni yóò sì fi lélẹ̀. Ẹ wá rò ó wò bó bá jẹ́ pé títì Badagry ló ti ṣẹlẹ̀, tí tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn!

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É NÌYÍ

Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní títì Badagry ní ọdún 1975 kò kàn ń kó irin lé irin. Ètò ni wọ́n fi ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti básíkù.

Èkíní, ẹ fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá ti jẹ tàbí tó ti dípẹtà, ẹ jù ú nù, ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èkejì, òrùka èjìká fọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ jókòó délẹ̀ yípo. Ẹ má fi ṣísẹ́lì gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wá páìpù gígùn tó gba fọ́ọ̀kì náà sínú, kó bà lé òrùka yípo, kí ẹ tó máa kàn án láti òkè.

Ẹ̀kẹta, ife méjèèjì gbọ́dọ̀ wọlé tààrà. Ẹni tí kò ní irinṣẹ́ òyìnbó lè lo bóòtù gígùn, kó fi wáṣà ńlá sí òkè àti ìsàlẹ̀, kó máa fi súpánà fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ife yóò fi wọlé. Ife tí wọ́n fi háàmà lù wọlé sábà máa ń wọ́, bẹ́ríǹ inú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ láyé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kun gíríìsì dáadáa. Bẹ́ríǹ tó wà nínú agbọ̀n irin ní ojú àti ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀lù ló yẹ kó kan irin, kì í ṣe agbọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá tò ó tán tó ń ha gìrìgìrì, ẹ ti dojú rẹ̀ délẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wọn páìpù kí ẹ tó gé e. Ẹ kó wáṣà àti apá hándù lé e ná, kí ẹ fàlà sí i. Páìpù gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju etí òkè lọ ní nǹkan bíi mílímítà 3, kí ìdérí òkè lè ráyè fà á. Ẹ̀ẹ̀kan là ń gé irin. Bó bá ti kúrú, kò ṣeé fà gùn mọ́.

Ẹ̀kẹfà ni ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe. Ní ti ìgbàlódé, bóòtù orí ìdérí kọ́ ló di kẹ̀kẹ́ mú o! Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fa bẹ́ríǹ mọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ tú bóòtù ẹ̀gbẹ́, ẹ rọra fún ti òkè títí ọrùn kò fi ní mì mọ́, ẹ gbé hándù kó dojú kọ táyà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fún bóòtù ẹ̀gbẹ́ dáadáa. Bí bóòtù ẹ̀gbẹ́ bá tú, ewu dé. Ní ti àtijọ́, súpánà méjì ni: ẹ fi ọ̀kan di ti ìsàlẹ̀ mú, ẹ fi èkejì fún ti òkè lé e. Bí ẹ bá sì fẹ́ fa hándù rẹ̀ sókè, ẹ wo ilà tó wà lára ọ̀pá rẹ̀. Ilà yẹn kò gbọdọ̀ yọ síta láéláé.

Ẹ DÁN AN WÒ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Ẹ di bíréèkì iwájú mú, kí ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ lọ síwájú sẹ́yìn, kí ẹ fi ìka kan ibi tí ife àti fírémù ti pàdé. Bó bá ń sọ kọ̀, kọ̀, kọ̀, kò tíì fún. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Hándù gbọ́dọ̀ yí fúnra rẹ̀ wẹ́rẹ́. Bó bá ń le, ó ti fún jù. Bó bá ń fẹ́ dúró sójú kan láàárín, bẹ́ríǹ ti gbẹ́ kòtò sínú ife, ẹ ní kó pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń gun básíkù lọ iléèwé, ìdánwò yìí kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ̀yin ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ yín mọ̀ pé háàmà nìkan kọ́ ni irinṣẹ́, àti pé "kò ṣeé ṣe, màmá" náà wà lára iṣẹ́. Ẹni tó bá ní ọgbọ́n mìíràn sí i, ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún un.

Ká má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe àmín, kó lọ wo ọrùn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó tó gùn ún jáde.