Kí ẹ tó fi owó ilé-ìwé ṣe forex: ìṣirò tí wọn kì í kọ́kọ́ kọ́ni

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní ₦200,000 lọ́wọ́. Ó fi ṣòwò lórí fóònù, ìdajì rẹ̀ sì lọ. Èrè ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló gbọ́dọ̀ jẹ kí owó náà tó padà sí bó ṣe wà? Tí ẹ bá béèrè èyí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ ló máa yára dáhùn pé 50. Rárá o. ₦100,000 ló kù, ó sì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì kó tó pé ₦200,000. Èrè 100% nìyẹn. Ẹni tó pàdánù 10% nílò èrè 11% ó lé díẹ̀. Ẹni tó pàdánù 90% nílò èrè 900%. Bí kòtò náà bá ṣe ń jìn sí i ni àkàbà tí ẹ máa fi jáde ń gùn ju kòtò fúnra rẹ̀ lọ.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé àwòrán ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi han akẹ́kọ̀ọ́: àbẹ́là pupa, àbẹ́là aláwọ̀ ewé, ìlà tó ń gòkè, ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àìmọ àwòrán kọ́ ló ń pa àkáǹtì jù. Ìṣirò ni.

Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń tà? Nínú forex, owó ni wọ́n fi ń ra owó. Ẹ ti rí àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là lẹ́bàá ọ̀nà. Iye tí wọ́n máa fi ra dọ́là lọ́wọ́ yín kéré sí iye tí wọ́n máa fi tà á fún yín, àlàfo yẹn sì ni oúnjẹ wọn. Broker orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀; spread ni wọ́n ń pe àlàfo yìí. Tí ẹ bá ra euro nísinsìnyí, tí ẹ sì tà á lójú ẹsẹ̀ láì jẹ́ pé ọjà mì rárá, ẹ ti pàdánù. Ẹni tó ń wọlé-jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́ ń san owó yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le gan-an ni leverage. Euro kì í yí púpọ̀ lóòjọ́. Ká ní dọ́là 1.1000 ni lówùúrọ̀, tó wá di 1.1060 nírọ̀lẹ́. Ẹni tó fi $100 ra euro máa jèrè sẹ́ǹtì 50 ó lé díẹ̀. Kò tó owó mọ́tò. Broker á wá ní, ẹ má ṣèyọnu, ẹ fi $100 yín ṣe ìdúró, èmi á jẹ́ kí ẹ fi ṣòwò $50,000. Leverage 1:500 nìyẹn. Èrè sẹ́ǹtì 50 yẹn á di nǹkan bí $270. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tí ojú rẹ̀ kò ní là?

Àmọ́ ẹ yí ìṣirò náà padà. Ìdá 0.2% lára $50,000 jẹ́ $100. Ìyẹn ni pé kí euro kàn kúrò ní 1.1000 lọ sí 1.0978, gbogbo owó yín ti lọ. Ká sòótọ́, broker á ti ti òwò náà pa kó tó dé ibẹ̀. Euro sì lè rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìgbà tí ẹ wọ kíláàsì àti ìgbà tí ẹ jáde. Ẹ lè sọ òótọ́ nípa ibi tí ọjà ń lọ, kí owó yín sì ti tán kí ọjà tó dé ibẹ̀.

Ní 2018, ESMA, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò ní Yúróòpù, kò gbà kí broker fún aráàlú lásán ní leverage tó ju 1:30 lọ lórí àwọn owó ńláńlá bíi euro àti dọ́là. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú 100 àkáǹtì irú òwò CFD yìí, 74 sí 89 ló ń pàdánù. Àwọn kan á ní ẹni tí kò bá farabalẹ̀ kọ́ ọ ni. Ní Brazil, Fernando Chague àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò ojoojúmọ́ ní ọjà futures láàárín 2013 sí 2015. Lára àwọn tó tẹra mọ́ ọn ju 300 ọjọ́ lọ, 97% ló pàdánù. Àwọn tó ní sùúrù nìyẹn o, kì í ṣe àwọn tó sá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

“Ṣebí stop loss wà?” Ó wà. Ẹ fi sí i, ó dára. Àmọ́ ní January 15, 2015, báńkì àpapọ̀ Switzerland ṣàdédé kéde pé òun kò ní jẹ́ kí euro 1 dúró ní franc 1.20 mọ́, ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti 2011. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, iye franc fò sókè débi pé kò sẹ́ni tó ń rajà ní iye tí àwọn èèyàn fi stop loss wọn sí. Ibi tó jìnnà gan-an ni òwò wọn ti wá parí. Alpari UK, broker ńlá kan ní London, wọ gbèsè tí kò lè san. Stop loss jẹ́ àṣẹ pé kí wọ́n tà; ẹni tó máa rà ló kù.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín gan-an ni iye tí ẹ fi sínú òwò kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú owó ẹyọ (tí ẹ bá ṣì rí kóbò níbì kan), kí ẹ jù ú sókè nígbà 200, kí ẹ máa kọ èsì sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe ju kó má ṣẹlẹ̀ lọ pé ẹ máa rí ẹ̀yìn owó ní ẹ̀ẹ̀mẹfà léraléra níbì kan. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀, bí oríire àti oríburúkú ṣe ń tò nìyẹn. Tí ẹ bá ń fi 2% owó tó wà nílẹ̀ wewu lẹ́ẹ̀kan, pípàdánù ní ẹ̀ẹ̀mẹfà léraléra máa sọ ₦200,000 di nǹkan bí ₦177,000. Ó dùn yín, àmọ́ ẹ ṣì wà lójú ọjà. Tí ẹ bá ń fi 20% wewu, ₦52,000 ó lé díẹ̀ ló máa kù, ẹ ó sì nílò èrè tó ju 280% lọ kí ẹ tó padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọjà ṣe ń mí lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpín ilé-iṣẹ́ lórí NGX ní Èkó, láì yá owó. Iye ìpín kan kì í ju 10% lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ lóòjọ́, tí ilé-iṣẹ́ náà bá sì jèrè, ó lè pín in fún yín. Kò dùn-ún fi ṣe fọ́rífọ́rí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo gbà.

Tí ẹnì kan bá wá ní kí ẹ kó owó ilé-ìwé fún òun, pé òun á máa fún yín ní 30% lóṣù láì yẹ̀, ẹ gbé kaṣíò yín. ₦200,000 tó ń fi 30% pọ̀ sí i lóṣooṣù á kọjá ₦4.6 mílíọ̀nù lọ́dún kan. Ní ọdún mẹ́ta, á kọjá ₦2.5 bílíọ̀nù. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn, kí ló ń fi owó akẹ́kọ̀ọ́ ṣe? 30% lóṣù náà ni MMM ṣèlérí kó tó ti àkáǹtì àwọn èèyàn pa ní December 2016.

Fún ẹni tó ṣì fẹ́ kọ́ forex, demo ni kó lò, owó tí kì í ṣe owó gidi, kó sì ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Kó kọ òwò 100 sílẹ̀: iye tó wọlé, iye tó jáde, pẹ̀lú spread. Ẹ má kàn ka iye ìgbà tí ẹ borí. Ẹni tó borí nígbà 60 tó ń jèrè $5 lẹ́ẹ̀kan ti rí $300. Tó bá ń pàdánù $10 nígbà 40 yòókù, $400 ló ti lọ, ó sì jẹ gbèsè $100 lẹ́yìn gbogbo ìborí yẹn.